Cloth, Clothes, Clothing: Bí A Ṣe Ń Yan Èyí Tó Yẹ fún "Aṣọ" Nígbà Tí A Bá Ń Kọ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú lónìí kì í tà á fún ará Abẹ́òkúta nìkan mọ́. Oníbàárà lè wà ní Èkó, ó lè wà ní Gánà tàbí Lọ́ńdọ̀nù, àwòrán kan àti gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì méjì ni yóò sì rí lórí fóònù kó tó pinnu bóyá òun á sanwó. Tí olùtajà bá kọ ọ́ pé "I have beautiful clothes, 5 yards", nígbà tó jẹ́ pé aṣọ tí abẹ́rẹ́ kò tíì kàn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí oníbàárà máa kọ́kọ́ béèrè ni pé sáìsì wo ló wà. Tó bá kọ ọ́ pé "This cloth will fit you", ẹni yẹn ò ní mọ̀ bóyá búbá tí wọ́n ti rán ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́, àbí ọ̀pá márùn-ún tí òun ṣì máa gbé lọ bá télọ̀. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ dìjà: ẹni tó rò pé ẹ̀wù lòun rà máa ní kí wọ́n dá owó òun padà.

Ohun tó ń fà á kò fara sin. Yorùbá ní "aṣọ" kan, ó sì tó wa lò. Èyí tó wà nínú bẹ́ẹ̀lì, èyí tó wà lára wa, èyí tí a fi ń nu tábìlì, aṣọ ni gbogbo wọn. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí "cloth", "clothes" àti "clothing", kò sì gbà kí ọ̀kan jókòó sípò èkejì. Ibi tí aṣọ náà dé lẹ́nu iṣẹ́ ló fi pín wọn: ṣé sísọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́ ti sọ ọ́ di ohun wíwọ̀, tàbí wọn ò tíì fọwọ́ kàn án? Bí aláàdìrẹ, télọ̀ tàbí ọmọ iléèwé tó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC bá ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí kó tó kọ̀wé, ìdajì àṣìṣe ti kúrò nílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá ń sọ

Ẹ má tíì ronú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ẹ sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá, kí ẹ wo ohun tí à ń ṣe sí aṣọ náà. Ọ̀rọ̀-orúkọ wa kò fi ìyàtọ̀ hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe wa ń fi í hàn.

Tó bá jẹ́ pé à ń hun ún, à ń rẹ ẹ́ sínú aró, à ń wọ̀n ọ́n, à ń gé e, tàbí à ń tà á lọ́pàá lọ́pàá, "cloth" ni. Aṣọ funfun tí a kò tíì rẹ, àdìrẹ tó wà ní kíká lórí pẹpẹ, aṣọ òkè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí òfì, "cloth" ni gbogbo wọn. Tó bá jẹ́ pé à ń wọ̀ ọ́, à ń bọ́ ọ, à ń sá a sórí okùn, à ń lọ̀ ọ́, "clothes" ni. Láfún tó ṣì wà ní ìyẹ̀fun ni "cloth", èyí tó ti di òkèlè nínú abọ́ ni "clothes".

Tó bá jẹ́ pé à ń fi í nu nǹkan, "a cloth" ni, pẹ̀lú "a" níwájú rẹ̀. Àkísà tí a fi ń nu mọ́tò, èyí tí a fi ń nu abọ́, èyí tí a rẹ sómi láti fi nu ojú, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ "a cloth". Tí wọ́n bá pọ̀, wọ́n di "cloths".

Tó bá wá jẹ́ pé kì í ṣe aṣọ kan pàtó là ń sọ, tó jẹ́ ohun wíwọ̀ lápapọ̀, bí ìgbà tí a bá ní oúnjẹ, aṣọ àti ilé ni ẹ̀dá nílò, "clothing" ló kàn. Àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé "food, clothing and shelter". Wọn kì í fi "cloth" síbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè wọ bẹ́ẹ̀lì jáde.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wò ó bóyá ó ṣeé kà

Ibí yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i.

"Cloth" tó jẹ́ aṣọ tí à ń tà lọ́pàá lọ́pàá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ aláìṣeékà. Ìsọ̀rí kan náà ni òun, "water" àti "salt" wà. Kì í gba "a", kì í gba "s", "is" ló sì ń tẹ̀ lé e. "This cloth is strong." Tí a bá fẹ́ béèrè iye rẹ̀, "how much" là ń lò: "How much cloth do you need?" Tí a bá fẹ́ kà á, ohun tí a fi wọ̀n ọ́n la máa kà, kì í ṣe aṣọ fúnra rẹ̀: "five yards of cloth", "two pieces of cloth", "a roll of cloth", "a bale of cloth". Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí "s" bọ́ sí. Ara "yard" ló wà, kò sí lára "cloth". Ẹni tó kọ "five yard of cloths" ti gbé "s" kúrò níbi tó yẹ, ó gbé e sí ibi tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n tí "yard" bá bọ́ síwájú láti ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀ mìíràn, "s" rẹ̀ máa kúrò, àmì kékeré á so òun àti nọ́ńbà pọ̀: "a five-yard piece", "a four-yard bundle".

"Clothes" yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ni nígbà gbogbo, kò ní ẹyọ. "My clothes are wet." "These clothes are new." "Many clothes", "a few clothes", "some clothes", gbogbo wọn dára. Ohun tí kò gbà ni nọ́ńbà tààrà níwájú rẹ̀. "Three clothes" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Tí iye bá ṣe pàtàkì, ẹ dárúkọ ohun tí wọ́n rán: "three shirts", "two dresses", "one skirt and two blouses". Tí wọ́n bá jẹ́ oríṣiríṣi tí a kò fẹ́ dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, "three items of clothing" ni kí ẹ kọ.

Nítorí pé "clothes" kò ní ẹyọ, àwọn ọmọ iléèwé máa ń dá ẹyọ sílẹ̀ fún un. Wọ́n á yọ "s" kúrò bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ kúrò lára "books", wọ́n á sì kọ "a clothe". Ọ̀rọ̀ náà wà nínú Gẹ̀ẹ́sì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a wọ ẹnìkan láṣọ, tàbí kí a pèsè aṣọ fún un: "They feed and clothe six children." Kò lè jẹ́ orúkọ ẹ̀wù láéláé. Ẹyọ tí ẹ ń wá ni "a piece of clothing", tàbí kí ẹ kúkú dárúkọ ẹ̀wù náà.

Ẹni tó bá ń ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 lè sọ pé òun rí "swaddling clothes" níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀já tí wọ́n fi wé ọmọ tuntun ni, kì í ṣe ẹ̀wù. Òótọ́ ni. Nígbà àtijọ́, "clothes" gan-an ni ọ̀pọ̀ "cloth", ẹ̀yìn náà ni àwọn méjèèjì tó pínyà. Gẹ̀ẹ́sì ti òde òní kò lò ó bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Clothing" náà kò ṣeé kà. "Clothing is expensive this year." Kò sí "a clothing", kò sì sí "clothings".

Gbólóhùn kan nìyí tó gba ọ̀nà mẹ́ta kọjá, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ máa wò ó: "She bought six yards of cloth at Itoku, her tailor made it into clothes for the children, and the leftover piece became a cloth for wiping the sewing machine." Ẹ wo "it" tó tẹ̀ lé "made". Ọ̀pá mẹ́fà ni aṣọ náà, síbẹ̀ "it" ni wọ́n pè é, torí "cloth" ṣì ni nígbà yẹn.

Àwọn ibi tó ta kókó

Ìró. Wọn ò gé e, wọn ò rán an ju kí wọ́n ṣẹ́ etí rẹ̀ lọ, síbẹ̀ à ń ró o mọ́ra. Orúkọ tirẹ̀ ni kí ẹ fún un, "a wrapper". Bí ó bá wà lára ènìyàn tàbí nínú àpótí aṣọ rẹ̀, ó wà lára "her clothes". Bí ó bá ṣì wà lórí pẹpẹ ọjà, "two yards of cloth" ni, kódà kí gbogbo ayé mọ̀ pé ìró ni wọ́n máa fi ṣe. Ẹ rántí pé ẹni tí kò gbé Nàìjíríà rí lè rò pé "wrapper" ni bébà tí wọ́n fi di súìtì, nítorí náà ẹ fi "a wrapper, worn tied at the waist" kún un nígbà àkọ́kọ́.

Òkíríkà. Rírán ni wọ́n ti rán an, wọ́n sì ti wọ̀ ọ́ rí. "Second-hand clothes" tàbí "used clothing" ni. Ẹni tó bá kọ "second-hand cloth" ń sọ pé aṣọ tí wọn ò tíì rán, tí ẹnìkan ti lò, ni òun ń tà.

"Mo fẹ́ rán aṣọ." Wọ́n máa ń kọ ọ́ ní "I want to sew a cloth". Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ohun tí aṣọ máa dà lẹ́yìn tí wọ́n bá rán an ni Gẹ̀ẹ́sì ń dárúkọ lẹ́yìn "sew", bíi "a dress", "a shirt". Èkejì, ẹni tó gbé aṣọ lọ fún télọ̀ kò fọwọ́ ara rẹ̀ rán nǹkan kan. "I am having a dress made" ni kí ó sọ. Télọ̀ nìkan ló lè sọ pé "I am sewing a dress".

Àwọn aṣọ tó ní orúkọ tiwọn. Aṣọ ìkélé jẹ́ "curtain", aṣọ ìbora jẹ́ "blanket", aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì jẹ́ "bed sheet", ìpèlé jẹ́ "shawl". Ẹ má fi "cloth" kún èyíkéyìí nínú wọn. Ti tábìlì gba "cloth" ní tirẹ̀, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ pọ̀: "tablecloth", tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ "tablecloths". "Tableclothes" kò sí.

Àdìrẹ fúnra rẹ̀. Ẹ lò ó bí a ṣe ń lo "cloth": "this adire is", "three pieces of adire", "adire fabrics". Ẹ má kọ "adires".

Ohun tó wà lára pátákó ìtajà

Ẹ rìn láti Kútọ̀ dé Ìtòkú, ẹ ó rí "Ladies Wears", "Children Wears", "Clothings", "Native Attires". "Wear" tó bá jẹ́ orúkọ kò gba "s": "ladies' wear", "children's wear", pẹ̀lú àmì kékeré tó fi hàn pé tiwọn ni. Òfin yìí kan náà ló mú "underwear" àti "footwear", àwọn náà kò gba "s". "Attire" kò ṣeé kà, "native attire" ló tọ́. Kíkùn pátákó náni lówó, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí akunlé tó gbé búrọ́ọ̀ṣì. Tí "wear" kò bá dá yín lójú, "Fabrics and Clothing" dára fún ẹni tó ń ta méjèèjì, kò sì ní àṣìṣe kankan nínú.

Nígbà tí a wà lórí "wear": ẹni tí aṣọ ti wà lára rẹ̀ "is wearing" aṣọ náà. "Putting on" ni ìgbà tó ń ki ọwọ́ bọ apá ẹ̀wù lọ́wọ́. Tí ẹ bá kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé "She is putting on our adire", ẹ ti sọ pé ọmọbìnrin náà kò tíì múra tán.

Bí a ṣe ń kọ̀wé sábẹ́ ọjà

Ẹ kọ́kọ́ pinnu bóyá wọ́n ti rán an tàbí wọn ò tíì rán an, kí ó sì hàn nínú àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Fún aṣọ tí à ń tà lọ́pàá lọ́pàá, "fabric" ni ọ̀rọ̀ tó fọkàn ẹni balẹ̀ jù. Kò lè túmọ̀ sí ẹ̀wù láé, ó sì lè gba "s" tí a bá ń sọ oríṣi púpọ̀. Bí àpẹẹrẹ:

"Adire fabric, hand-dyed, 100% cotton. One piece, 5 yards long and 45 inches wide. Not sewn."

Ẹ má kọ "100% cotton" tí aṣọ náà bá ní pọ́lísítà nínú. Ẹ má sì kọ 45 íǹṣì láìjẹ́ pé téèpù yín ló sọ bẹ́ẹ̀, torí ìbú aṣọ kì í dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá àti mítà tó ohun tí a ń dúró lé lórí. Ọ̀pá kan, ìyẹn "yard", jẹ́ íǹṣì 36, èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 91.44. Ọ̀pá 5 jẹ́ mítà 4.57. Ẹni tó wà nílẹ̀ òkèèrè tí mítà ni wọ́n ń lò, tó rò pé "5" túmọ̀ sí mítà 5, máa rí i pé aṣọ fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 43 dín. Ó lè jẹ́ apá ẹ̀wù ni kò ní jáde. Nítorí náà ẹ kọ méjèèjì: "5 yards, about 4.57 metres". Ìbú íǹṣì 45 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 114.

Fún èyí tí wọ́n ti rán, ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n ara: "Adire dress, knee length, bust 38 inches." Ti obìnrin nìkan ni "dress". Fún ọkùnrin, "shirt" wà, "trousers" náà wà. "Trousers" máa ń ní "s" nígbà gbogbo, ẹyọ kan sì jẹ́ "a pair of trousers".

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́: "Wash separately in cold water the first few times, as the dye may run. Dry in the shade." Tó bá jẹ́ báàgì tí wọ́n fi àdìrẹ àti awọ ṣe, "Wipe the leather with a damp cloth", pẹ̀lú "a", torí ìnukù ni.

Ẹ ṣọ́ra fún "dye". "Dyed" ni aṣọ tí wọ́n rẹ láró. "Died" ni kí ènìyàn kú. "Dyeing" ni iṣẹ́ aláró, "e" rẹ̀ kì í kúrò, torí tó bá ti kúrò, ó di "dying", ìyẹn ẹni tó ń kú lọ. "Hand-died cloth" tí a máa ń rí kò yẹ iṣẹ́ ọwọ́ tó gba ọjọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó dì í, tó rẹ ẹ́, tó sì tú u. Fóònù kò ní ràn yín lọ́wọ́ níbí. Kò ní fa ìlà pupa sábẹ́ "died", "clothe" tàbí "cloths", torí ọ̀rọ̀ gidi ni gbogbo wọn, ipò tí wọ́n wà ni kò tọ́. Ojú ènìyàn ló máa rí i.

Àkànlò èdè méjì

Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé "Cut your coat according to your cloth", ìyẹn ni pé bí owó ẹni bá ṣe mọ ni kí á ṣe náwó. Ní Nàìjíríà, a ti sọ "cloth" inú rẹ̀ di "size", èyí sì ba ọgbọ́n inú rẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe bí ara ẹni ṣe tóbi tó ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, iye aṣọ tó wà lórí tábìlì télọ̀ ni. Tí aṣọ bá jẹ́ ọ̀pá méjì, ènìyàn kò lè dá agbádá láti inú rẹ̀, ì báà tóbi, ì báà kéré. Nínú ìdánwò, "cloth" ni kí ẹ kọ.

Èkejì ni "a man of the cloth". Òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Kristẹni ni. Ẹ má rò pé oníṣòwò aṣọ ni, oníyẹn jẹ́ "a cloth merchant" tàbí "a fabric seller".

Bí a ṣe ń pè wọ́n

Ọmọ Yorùbá ní àǹfààní ńlá kan níbí: fáwẹ̀lì inú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò jìnnà sí tiwa. "Cloth" àti "cloths" ń lo ohùn tó sún mọ́ "ọ", bíi ti "pot". "Clothes", "clothing" àti "clothe" ń lo ohùn tó sún mọ́ "o", bíi ti "go". Tí ẹ bá ti pa "ọ" àti "o" mọ́ sọ́tọ̀, olùgbọ́ ti mọ èyí tí ẹ ń sọ. Nínú ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu, fáwẹ̀lì yìí gan-an ni wọ́n lè fi dán ọmọ wò, ẹ má sì jẹ́ kí "o" tí wọ́n fi kọ méjèèjì tàn án jẹ.

"Th" ló le. Ẹ ki orí ahọ́n sáàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn jáde. Fún "cloth", atẹ́gùn lásán ni. Fún "clothing", ẹ jẹ́ kí ọ̀nà ọ̀fun gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ gbé ìka lé gògóńgò, ẹ ó mọ ìyàtọ̀ náà lára. "Clothes" ní "th" tó ń gbọ̀n yìí, ó sì tún ní "z" lẹ́yìn rẹ̀, méjèèjì sì ṣòro láti pè papọ̀, débi pé púpọ̀ nínú àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì gan-an máa ń fo "th" náà, tí wọ́n á sì pè é bí "close" tó túmọ̀ sí kí a ti ilẹ̀kùn. Ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò yẹ ni kí ẹ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ onísílébù méjì, bíi "klo-tis". Sílébù kan ṣoṣo ni.